Adé Tó Ń Yọ́ Kẹ́lẹ́: Ọjọ́ Mẹ́rin Nínú Mọ́tò Àháyà ní Georgia

Mo tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Iná tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kú. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo wá fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ mímí ọmọ ìkókó. Kò gbọ̀n, kò hó, kò húkọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń to mọ́tò sí àyè wọn ti ń wò mí láti ọ̀ọ́kán. Ó sún mọ́ fèrèsé, ó na ìka sí ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìsáré: READY. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí ẹ ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ pa á."

Ibùdó ìháyà mọ́tò ti pápákọ̀ òfurufú Hartsfield-Jackson, ní Atlanta, lèyí ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ kékeré orí irin tí kò ní dẹ́rẹ́bà, tí wọ́n ń pè ní SkyTrain, ló gbé mi débẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ́tò tí wọ́n nà mí ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni Toyota Camry ọdún 2025, aláwọ̀ eérú, haíbíríìdì, èyí tó ń lo epo àti iná pọ̀.

Kì í ṣe pé n kò wa mọ́tò rí o. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wà á láàárín Ìbàdàn àti Èkó, mo sì ti fi èjìká ti ọkọ̀ tó kú lábẹ́ afárá Mọ́kọ́lá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n etí ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì jí. Èyí kò ní ohun tí etí lè dì mú.

Àwọn baba wa ló sọ irú mọ́tò yìí ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ohun tó ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ̀lẹ̀kájà ayé ìgbà náà, bóyá òótọ́ ni. Ayọ́kẹ́lẹ́ tí èmi bá nílé, ẹ óò ti gbọ́ sàláńsà rẹ̀ ní ojúlé mẹ́ta kó tó yọ. Ìgbà tí mo tú bíréèkì sílẹ̀ nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí yẹn, tí mọ́tò náà ṣí kúrò bí ológbò tó rí ẹja, ni mo tó rí èyí tí orúkọ náà bá mu.

Ó kù díẹ̀ káàtó ṣá. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé mọ́tò oníná àti haíbíríìdì gbọ́dọ̀ máa dún díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìsáré rẹ̀ kò bá tíì tó nǹkan bíi kìlómítà 30 ní wákàtí, kí afọ́jú àti ẹlẹ́sẹ̀ lè mọ̀ pé ó ń bọ̀. Nítorí náà, ó ń kùn hùùù bí oyin tó wà nínú akèrègbè. Ayọ́kẹ́lẹ́ tòótọ́ dé tán, òfin ní kò gbọdọ̀ yọ́.

Ta ní ń wọn mọ́tò?

Mọ́tò agbedeméjì ni mo sanwó fún láti ilé. Ohun tí mo pè ní agbedeméjì àti ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní kàńtà kò bára mu.

EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, inú mọ́tò ló ń wọ̀n. Wọ́n á ro àyè èrò pọ̀ mọ́ àyè búùtù. Bó bá wà láàárín kúbíìkì fíìtì 110 sí 119, agbedeméjì ni. Camry bọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń fi mọ́tò háyà ní òṣùwọ̀n tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, Corolla ló sábà máa ń jẹ́ agbedeméjì, Camry ti di ńlá. Wọ́n á tún wá fi ọ̀rọ̀ kan gbè é lẹ́yìn: "tàbí irú rẹ̀". Ìyẹn ni pé mọ́tò tí ẹ rí nínú àwòrán kọ́ lẹ sanwó fún, ìwọ̀n ni.

Corolla ti tán lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tó wà ní kàńtà yẹ láìsẹ́ǹsì Nàìjíríà mi wò níwájú àti lẹ́yìn, ó ní mo ṣoríire, pé èyí tó tóbi jù ú lọ ni wọn yóò fún mi láì gbowó kún un. Kí n tó dúpẹ́ tán, ìbéèrè ti ń rọ́ lu ìbéèrè. Ṣé mo fẹ́ ìdójútòfò ìjàǹbá? Ti táyà àti gíláàsì ńkọ́? Ṣé kí n kúkú ra epo inú táǹkì sílẹ̀, kí n lè dá a padà lófìfo? Ká ní mo ti gbà fún gbogbo rẹ̀ ni, owó ọjọ́ mẹ́rin ìbá ti di ìlọ́po méjì.

A mọ bí a ṣe ń nájà ní ọjà Bódìjà. Níbí, ẹni tí ẹ̀ ń bá nájà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìka rẹ̀ kò sì kúrò lórí iye kan náà. Mo gba ti ìjàǹbá, mo fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n tún dá $300 dúró lórí káàdì mi, wọ́n ní ọjọ́ tí mọ́tò bá dé ni wọn yóò tú u sílẹ̀.

Òwò yìí ti pẹ́. Ní 1918 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Jacobs bẹ̀rẹ̀ sí fi Ford Model T 12 háyà ní Chicago. Ó ta òwò náà fún John Hertz ní 1923. Warren Avis ló wá gbé tiẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Willow Run, nítòsí Detroit, ní 1946. Ó ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú bàlúù kò ní ẹsẹ̀ mọ́.

Ìdílé ọlọ́ba

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Lawrenceville, lẹ́yìn ìlú Atlanta. Nọ́ọ̀sì ni, jíìpù ńlá ló sì ń wà lọ síbi iṣẹ́. Ó jáde síta, ó wo ohun tí mo wà wọlé, ó káwọ́ lẹ́yìn.

"Àbúrò, o fò kọjá òkun, Camry lo wá wà? Ìyẹn kò sí nílé ni?"

Ó wà nílé, Àǹtí mi. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ mọ ti ibí nìyẹn.

Nílùú wa, ìran kọ̀ọ̀kan mọ́tò yìí ló ní oríkì tirẹ̀. Èyí tó jáde ní nǹkan bí 1992 sí 1996 ni Orobo, nítorí pé ó sanra. Pencil Light tẹ̀lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Big Daddy dé, kí Muscle tó wọlé ní 2007, tí gbogbo ara rẹ̀ yọ iṣu bí ẹni tó ń gbé irin láàárọ̀. Honda Accord tó jẹ́ orogún rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀: Hala, Bullet, Baby Boy, End of Discussion, Evil Spirit. Kò sí iléeṣẹ́ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nítorí àwọn orúkọ wọ̀nyí. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, àwọn mẹ́káníìkì àtàwọn ọmọ ìta ló sọ wọ́n. Bí ẹ bá dé ọjà Ládiípọ̀ ní Múṣin, tí ẹ ní ẹ ń wá iná ẹ̀yìn XV40, orúkọ tí iléeṣẹ́ kọ sínú ìwé, wọn á máa wò yín. Ẹ dárúkọ Muscle, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á ti sáré.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ tún dára ju oríkì lọ. Inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan kan, kanmuri, ni wọ́n ti mú Camry jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni adé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ń jẹ́ Crown: adé. Corona: adé lédè Látìnì. Corolla: adé kékeré. Adéwálé, Adébísí, Adéọlá! Nínú ìdílé ọlọ́ba ni mo ti ń ra mọ́tò láti ọjọ́ yìí wá, n kò mọ̀.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹni tí adé bá tẹ̀ lọ́wọ́, ààfin ló yẹ kó gbé e lọ. Ààfin Yorùbá kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí mọ́tò lè gbé ni dé láti Atlanta láàárọ̀ kó tó di ọ̀sán ni Ọ̀yọ́túnjí, ní Sheldon, ìpínlẹ̀ South Carolina, nǹkan bíi máìlì 290. Ó ní òun náà kò débẹ̀ rí láti ọdún 14 tí òun ti wà ní Georgia. Ó di mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́fà sínú kúlà, ó di ọjọ́ kejì.

Ìyá onígaàrí

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Atlanta kò kéré. Lórí I-285, ọ̀nà márosẹ̀ tó yí ìlú náà po bí ìgbànú, a ń wọ́ bí ìgbín ní aago méje àárọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mọ́tò náà ti kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Níbi tí mọ́tò mi ti Ìbàdàn ìbá ti máa jó epo lásán, tí aago ooru á máa gòkè, tí ọkàn mi á máa gòkè tẹ̀lé e, ẹ́ńjìnnì èyí kú, ó dákẹ́, iná nìkan ló ń sún wa síwájú.

Olùkọ́ ilé ìwé gíga kan ní Atlanta tó ń kọ́ni nípa ẹ̀rọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló là á yé mi. "Bíréèkì mọ́tò tẹ́ ẹ mọ̀, ooru ló ń sọ ìsáré dà," ló wí. "Ooru náà á bá afẹ́fẹ́ lọ, owó yín ló lọ yẹn. Tí èyí bá fẹ́ dúró, mọ́tò iná inú rẹ̀ á yíjú padà, á di jẹnẹrétọ̀, á máa kó ìsáré yẹn padà sínú bátìrì."

Mo ní ó dà bí ìyá onígaàrí tó tẹ́ àpò sábẹ́ igbá ìwọ̀n, tó ń kó gbogbo èyí tó bá dà sílẹ̀ padà sínú ọpọ́n. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ létí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, pé wọn kò ní gba àlàyé tòun mọ́.

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà gba iná sí irú èyí. Epo nìkan ni ẹ óò máa rà. EPA ní máìlì 51 ló ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan, ìyẹn LE tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tó kéré jù nínú wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí Muscle ń rìn. Agbára náà kò sì dín: ẹṣin 225, nígbà tí Muscle onísìlíńdà mẹ́rin ti 2007 ní 158.

Nígbà tí a bọ́ sórí I-75, tí mo ní láti wọ àárín àwọn tírélà tó ń sá eré àsápajúdé, mo tẹná mọ́ ọn gan-an. Ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ ké kí ara tó gbé e, ó sì ń ké lórí ohùn kan ṣoṣo, kò pààrọ̀ jíà tí etí lè kà. Ẹni tó bá ti kọ́ mọ́tò lórí Peugeot 504, tó mọ ìgbà tí ó yẹ kó fà á sí jíà kẹta nítorí bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á rò pé nǹkan ti yọ̀ níbì kan. Ó tó máìlì 60 kí n tó gbà pé kò sí nǹkan tó yọ̀.

Ojú ọ̀nà 16

Macon ni I-16 ti bẹ̀rẹ̀, Savannah ló parí sí, máìlì 167. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú mọ́tò tí mọ́tò kan jẹ́, ẹ gbé e gba ibẹ̀. Igi páìnì lápá ọ̀tún, igi páìnì lápá òsì, ọ̀nà náà tẹ́jú, ó tọ́ bí okùn alágbàṣe. Kò sí òkè, kò sí kọ́nà, kò sí ọlọ́jà tó na búrẹ́dì Ṣàgámù sí yín. Nǹkan kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ láti fiyè sí ni mọ́tò.

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn, bíi tiwa. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Bí kì í bá ṣe pé Nàìjíríà kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, ǹ bá ti máa bẹ̀rù gbogbo oríta bí àwọn ẹbí mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ṣe máa ń bẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá wálé wá wa ọkọ̀ lásìkò Kérésìmesì.

Àga rẹ̀ gba ẹ̀yìn. Mo ti jókòó wákàtí méjì kí n tó rántí pé mo ní ìbàdí, ìyìn ńlá nìyẹn láti ẹnu ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Sítíárìn fúyẹ́, ó rọrùn, kò sì sọ nǹkan púpọ̀ fún ọwọ́. Ẹ kò lè fi mọ̀ bóyá kọnkéré lẹ wà tàbí ọ̀dà. Ìró táyà ni etí ń gbọ́ jù, pàápàá níbi tí ojú ọ̀nà bá ti jẹ́ kọnkéré. Búùtù gba àpótí mi méjèèjì àti kúlà, àyè ṣì kù fún ẹni tó bá fẹ́ fi iṣu ránṣẹ́. Dígí ẹ̀yìn kò ga, ẹ ó sì mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà sẹ́yìn pé kámẹ́rà ni wọ́n fọkàn tán.

Òfin gba máìlì 70 láyè ní wákàtí, nǹkan bíi kìlómítà 112. Ẹni tó bá sá dé 85 níbikíbi ní Georgia, lẹ́yìn ìtanràn tí kóòtù bá bù fún un, ìjọba ìpínlẹ̀ á tún gba $200 lé e lórí. Mo ti gbọ́ èyí ní Lawrenceville ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Mo fi ìsáré sí 72, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Rádà iwájú mọ́tò náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí tírélà bá fa bíréèkì níwájú, ó dín kù. Bí tírélà bá yà, ó tún gbé e. Ẹsẹ̀ mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò mọ ohun tó máa ṣe, bí alágbàṣe tí wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oko. Bí mo bá sì sún díẹ̀ kọjá ìlà funfun, sítíárìn á fà mí lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, bí ọmọdé tó ń fa ìró ìyá rẹ̀ lọ́jà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ó wò ní Ọjọ́ta, ní aago méje alẹ́, níbi tí ọlọ́kàdà, dáńfó àti agbálẹ̀ ìjọba ti jọ ń lo ìlà kan náà. Ọkàn mọ́tò náà á pòrúùru. Á fa sítíárìn títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi kò yé ṣàròyé. Ó ní òun jókòó bí ẹni tó jókòó sórí àpótí ìdáná, pé nínú jíìpù òun, òun ń rí gbogbo ayé níwájú. Mo ní nínú jíìpù rẹ̀, ìgbì ń gbé mi. Nígbà tí a ń kọjá ìlú Dublin, mo wò ó: ó ti sùn, ẹnu là sílẹ̀ díẹ̀. Kò sì sùn nínú jíìpù rẹ̀ rí tí èmi bá ń wà á.

Ẹ ti fi Amẹ́ríkà sílẹ̀

A kọjá odò Savannah bọ́ sí South Carolina, a kúrò lórí I-95, a mú US 17, níbi tí ewéko tó rí bí irùngbọ̀n eérú ti ń wọ́ lára igi óákù ní ẹ̀bá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà tán. Iyẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní 1970. Ọ̀gbẹ́ni Walter Eugene King, ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní Detroit ní 1928, ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tó ti di Efúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi. Ní 1981, ní ayé Ọọ̀ni Okùnadé Síjúwadé, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá ní Ilé-Ifẹ̀. Adéfúnmi wàjà ní 2005. Àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú wa ti sọ ti àkọlé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún wa, èyí tó ń kéde fún àlejò pé ó ti fi orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, ó ti wọ ìjọba Yorùbá.

Mo fa bíréèkì. Ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí ní Atlanta wà nínú àpótí iwájú mọ́tò. Ó ní n kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ náà kọjá ààlà Amẹ́ríkà. Ó tún ní n kò gbọdọ̀ wà á lójú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí.

"Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ kọ́kọ́ rú?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Níbi yìí lọwọ́ mi ti wá mọ ohun tó ń ṣe. Ní gbogbo máìlì 290 yẹn, mọ́tò ló ń wa ara rẹ̀. Ní orí iyẹ̀pẹ̀, rádà kò rí mọ́tò kankan níwájú, kámẹ́rà kò rí ìlà, wọ́n gbé sítíárìn fún mi pátápátá. Kòtò kan wà lápá òsì, mo gbé táyà kan lé orí gegele, mo jẹ́ kí ìkejì gba ẹ̀gbẹ́ koríko, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é lójú ọ̀nà oko. Mọ́tò náà lọ sílẹ̀ ju bí ojú ọ̀nà wa ti fẹ́ lọ. Ìkùn rẹ̀ ha ilẹ̀ wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi náà gbọ́ ọ. A kò sọ̀rọ̀.

Bàbá kan tó wọ àdìrẹ dìde lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó kí wa ní Yorùbá, a dá a lóhùn ní Yorùbá, ó sì wo ẹ̀yìn wa. "Báwo lẹ ṣe dé?" ló bi wá lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Mi ò gbọ́ mọ́tò."

Àwọn tó kù lójú agbo

Nígbà tí à ń padà, a dúró jẹun nítòsí Macon. Mo ka mọ́tò tó wà níta: nínú 21, mẹ́rin péré ló ní búùtù tó yọ sẹ́yìn. Ìyókù, jíìpù àti píkọ́ọ̀pù ni.

Mọ́tò oníbúùtù agbedeméjì ló ti máa ń wà níwájú gbogbo ilé àwọn aráàlú yìí. Ford kéde ní 2018 pé òun ń fi i sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà; Fusion parí ní 2020. Chevrolet ṣe Malibu ìkẹyìn ní oṣù Kọkànlá 2024. Camry, tí wọ́n ti ń tò ní Georgetown, ìpínlẹ̀ Kentucky, láti 1988, àti Accord tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Ohio ní 1982, wà lára ìwọ̀nba tó kù. Mo bi dẹ́rẹ́bà kan tó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé èrò ní Atlanta, ọmọ Ọ̀ṣun, kí ló fà á. Ó ní àwọn obìnrin fẹ́ ga, àwọn ọkùnrin fẹ́ kí wọ́n rí wọn, àwọn iléeṣẹ́ sì ń jèrè jù lórí jíìpù. "Àwa tá à ń ra epo ara wa là ń ra Camry," ló wí.

Ẹlòmíràn tó ń rà á ni iléeṣẹ́ ìháyà. Ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n ń kó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lò ó fún ọdún kan tàbí méjì, wọ́n á tà á. Nígbà tí Kòrónà lé èrò kúrò lójú ọ̀run ní 2020, wọ́n tà á ju bó ti yẹ lọ. Èrò padà dé ní 2021, mọ́tò kò sí, owó ìháyà fò sókè, àwọn kan ní Hawaii sì ń háyà ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù ilé lọ sí etí òkun.

Ibi tí wọ́n ń tà á sí ló kan àwa. Inú gbàǹjo ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà lọ, ẹ̀yìn gbàǹjo ni Àpápá àti Kọ̀tọ̀nú wà. Ó ṣeé ṣe kí àga tí mo jókòó sí yìí di ti ẹlòmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún mẹ́jọ sí i, kó sì ní oríkì tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ.

Mo pe mẹ́káníìkì mi ní Ìwó Road, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀gá, mọ́tò tí kò ní jíà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kú tó ń jí bó ṣe fẹ́, kí ni màá wá tún ṣe níbẹ̀?" Ó ní haíbíríìdì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, pàápàá látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní ohun tí kò tó ₦200, tó sì padà kọjá ₦1,000. Àwọn ọmọ kan ti ń kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó gba abẹ́ rẹ̀ ni òun ń bẹ̀rù. Iná tó wà nínú rẹ̀ lè pa èèyàn.

Ní Amẹ́ríkà, Toyota dúró lórí bátìrì náà fún ọdún 10 tàbí máìlì 150,000. N kò tíì gbọ́ pé àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

Kí epo kún bó ṣe kún

Ọjọ́ kẹrin, mo dúró nílé epo nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹ̀rọ epo lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, òun ló ń sọ apá tí ẹnu táǹkì wà. Mo ti ń wa mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí. Ẹ̀rọ náà ní kí n tẹ nọ́ńbà àdúgbò tí wọ́n forúkọ káàdì mi sí. Káàdì Nàìjíríà kò ní irú rẹ̀. Mo wọlé lọ sanwó fún ọmọ tó wà ní kàńtà, mo jáde, mo fa epo. Gbogbo ìrìn wa látìgbà tí a ti fà á kún ní ìdájí ọjọ́ kejì jẹ́ máìlì 641. Gálọ́ọ̀nù 13 ni táǹkì náà ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì ti dá epo sí i lójú ọ̀nà, kò sì kún.

Ní ibùdó ìháyà, ọkùnrin kan tó mú ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ yí mọ́tò náà po. Ó wo táyà, ó wo gíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀, mo sì di èémí mú, nítorí ìró tí a gbọ́ lábẹ́ igi óákù ọjọ́ náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí iyẹ̀pẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì ẹsẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ funfun tó kúná bí elùbọ́.

"Etí òkun lẹ lọ?"

Mo ní ààfin ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò gbà mí gbọ́, ó tẹ ìwé jáde láti inú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, bóyá wọ́n ti tú $300 mi sílẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè láti wo mọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àyè rẹ̀ ti ṣófo. Ẹnìkan ti gbé e lọ fọ̀.